Abẹ́rẹ́ wà nínú ilé, ọwọ́ ò tó o: ohun tí ẹrù ilé ń ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ wa

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo fẹ́ sín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn fún ọmọ àbúrò mi tó ń múra ìgbéyàwó. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀, mo ní okùn láílọ̀n, mo ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń de é lẹ́yìn ọrùn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ilé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Nígbà tí mo fi rí okùn nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mo rí ìkọ́ nínú ife kan ní kíṣìnì, tí mo sì kó aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká kúrò lórí tábìlì, aago márùn-ún ti kọjá, wọ́n sì ti mú iná lọ. N kò sín ẹyọ kan. Ohun tó dùn mí jù ni pé ilé mi kì í ṣe ilé ìdọ̀tí. Àlejò tó bá wọlé á ní ó mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí ohun méjì tó tako ara wọn ni àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ilé tí ẹrù kún kì í jẹ́ kí ọpọlọ ṣiṣẹ́, pé ẹni tó bá fẹ́ ránṣọ, tó fẹ́ hun òwú, tó fẹ́ yàwòrán, kó kọ́kọ́ palẹ̀ gbogbo ilé mọ́. Àwọn kan ní rárá o, pé oníṣẹ́ ọnà gidi kì í to nǹkan, inú wúruwùru ni ọgbọ́n tuntun ti ń jáde. Ìhà méjèèjì ló sì ní ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹni tó kàn fẹ́ jókòó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kò ní mọ èyí tí òun ì bá gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Ní ọdún 2011, Stephanie McMains àti Sabine Kastner, ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ ni wọ́n fi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú bá ń rí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ohun tí ojú ń rí yẹn máa ń bá ara wọn du àyè ní apá ọpọlọ tó ń ṣètò ìríran. Èyí tí a kò fẹ́ wò náà ń jẹ nínú agbára tó yẹ ká fi wo èyí tí a fẹ́. Ọpọlọ lè lé wọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni lílé yẹn. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ láàárín ọjà: ẹ óò gbọ́ ara yín, àmọ́ yóò rẹ̀ yín ju ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ jókòó sí.

Ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tó ní àpẹẹrẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Pupa mẹ́ta, funfun kan, pupa mẹ́ta, dúdú kan. Ẹ wá ń ka èyí lórí tábìlì tí ìwé iná, oògùn ikọ́ ọmọ, ṣájà fóònù àti abọ́ tí wọn ò tíì fọ̀ wà. Ìwé iná yẹn kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ojú bá bà á ni ó ń rán yín létí pé ẹ ò tíì san án. Ẹ óò ṣi í kà. Ẹ óò tú u. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá tú u lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ óò ní iṣẹ́ yìí kò bá yín lára mu mọ́.

Ìwádìí kejì jáde ní ọdún 2010, láti ọwọ́ Darby Saxbe àti Rena Repetti ní Los Angeles. Àwọn tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí kálukú rìn yí ilé rẹ̀ ká kó sì máa ṣàpèjúwe ohun tó ń rí, wọ́n sì ń gba itọ́ ẹnu wọn láti fi wo èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù, tí ara máa ń tú jáde nígbà wàhálà. Ó yẹ kí èròjà yìí ga ní òwúrọ̀, kó sì máa lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀. Lára àwọn ìyàwó tó ń pe ilé wọn ní ibi tí ẹrù kún àti ibi tí iṣẹ́ tí a kò parí pọ̀ sí, kì í lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìwádìí yìí kò fi hàn pé ẹrù ló fa wàhálà wọn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí wàhálà ti bò mọ́lẹ̀ ni kì í ráyè palẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, a máa ń sọ pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Bí ilé náà bá tún di oko, níbo lèèyàn fẹ́ ti rí ara tí yóò fi gbé abẹ́rẹ́?

Ó wá ku èyí tí àwọn ìhà kejì fẹ́ràn. Ní 2013, Kathleen Vohs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota fi àwọn kan sí yàrá tó wà létòlétò, wọ́n fi àwọn mìíràn sí yàrá tí nǹkan fọ́n káàkiri. Wọ́n ní kí wọ́n ronú kan ohun tuntun tí a lè fi bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi ń gbá tẹníìsì orí tábìlì ṣe. Iye èrò tí ìhà méjèèjì mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n tàwọn tó wà nínú wúruwùru jẹ́ àràmàǹdà ju ti ìkejì lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kígbe pé, ẹ ò rí i? Ẹ jẹ́ kí ilé wà bẹ́ẹ̀!

Mo fẹ́ kí ẹ tún un wò dáadáa. Èrò ni wọ́n ní kí àwọn wọ̀nyẹn mú wá. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ránṣọ. Wọn ò wá àlùmọ́gàjí kankan nínú yàrá yẹn. Yàrá náà kì í ṣe tiwọn, ẹrù inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn, ìwé tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ìwé iná wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ. Ríronú kan àrà àti fífi ọwọ́ dá a kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó ṣeé ṣe kí àpò àjákù aṣọ tó tú sílẹ̀ jẹ́ kí ẹ rí i pé ẹtù yìí bá ànkárá yẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ṣùgbọ́n láti gé e, láti rán an, láti lọ̀ ọ́, ẹ nílò ilẹ̀ tó tẹ́jú àti irinṣẹ́ tó wà nítòsí.

Francis Bacon ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Dublin ní 1909. Láti 1961 títí ó fi kú ní 1992, yàrá kékeré kan ní 7 Reece Mews ní London ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ibi téèyàn lè gbẹ́sẹ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà Hugh Lane ní Dublin fẹ́ kó yàrá náà, àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ni wọ́n pè láti kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, àfi bí ẹni ń wú ìlú àtijọ́. Ohun tí wọ́n kó lé ní 7,000. Wọ́n tún un tò gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, aráàlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ní 2001. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní wúruwùru ló sọ Bacon di Bacon. Àmọ́ kí ló wà nílẹ̀ yàrá yẹn? Búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà, fọ́tò, ìwé, kánfáàsì tó ya. Ohun iṣẹ́ rẹ̀ ni. Yàrá iṣẹ́ ni, ó sì ní ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń gúnyán níbẹ̀. Yàrá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti lójú pọ̀. Ohun méjì la ń pè ní orúkọ kan. Ọ̀kan ni pàǹtí iṣẹ́: èérún òwú, bébà tí a fi gé àpẹẹrẹ, ìlẹ̀kẹ̀ tí a tú sílẹ̀ láti wo àwọ̀ tó bá ara mu. Pàǹtí iṣẹ́ ń sọ fún yín ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé. Èkejì ni ẹrù ilé, ohun tí kò kan iṣẹ́ yẹn rárá àmọ́ tó jókòó sí àyè rẹ̀. Pàǹtí iṣẹ́ kì í pa iṣẹ́ ọwọ́. Ẹrù ilé ló ń pa á, kì í sì í ṣe nípa jíjí ẹ̀bùn èèyàn gbé. Ẹ̀bùn yín wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń jí gbé.

Ẹ fi tèmi ṣe ìṣirò. Wákàtí kan péré ni mo ní lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí mo bá fi 20 ìṣẹ́jú palẹ̀ tábìlì mọ́, tí mo fi 10 wá irinṣẹ́, tí n óò sì tún fi 15 kó gbogbo rẹ̀ padà kí àwọn ọmọ lè rí ibi jẹun láàárọ̀, 15 ìṣẹ́jú ló kù fún iṣẹ́. Ta ni yóò ṣe ìyẹn lójoojúmọ́? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èèyàn á gbé fóònù, á jókòó. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Fóònù kò ní kẹ́ ẹ palẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń wọn ilé báyìí pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: láti ìgbà tó wù yín láti ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọ aṣọ, ìṣẹ́jú mélòó ni?

Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ní yàrá iṣẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní ibùjókòó. Aláró ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta ní ibi tí ìkòkò aró rẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni kì í gbé e kúrò, torí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣeé fi rẹ aṣọ. Obìnrin tó ń hun kíjìpá gbé òfì rẹ̀ ti ògiri. Bó bá dìde lọ dáná, aṣọ náà ń dúró dè é níbẹ̀. Ní Ìṣẹ́yìn títí dòní, àwọn ọkùnrin tó ń hun aṣọ òkè máa ń na òwú wọn jìnnà síwájú, ohun wíwúwo ló ń fà á le ní ìdí, ilẹ̀ gbalasa ló sì gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn. Ẹrù tí wọn kò lò wà lókè àjà. Ohun tó ti bàjẹ́ wà ní ààtàn.

Ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé nísinsìnyí kò ní àjà, kò ní ẹ̀yìnkùlé, ọkọ̀ tó ń kó ilẹ̀ kì í sì í wá lásìkò. Ẹ wo yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 nínú ilé fési-mi-n-fési-ẹ. Bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4 ààbọ̀ ti gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù, fíríìjì, kẹ́ẹ̀gì omi, ìyókù ilẹ̀ kò ju ẹní kan lọ. Ànkárá yáàdì 6 sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 bí ẹ bá tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń gé e níbẹ̀ á ṣẹ́ ẹ po, apá kan á gun orí bàtà, ìlà ṣọ́ọ̀kì á wọ́, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan á wá gùn ju èkejì lọ. Yóò ní òun ò mọ aṣọ gé. Ó mọ̀ ọ́n gé. Ilẹ̀ ni kò ní. Àwọn ará wa tó ń ránṣọ nínú fúláàtì kékeré ní Peckham ní London náà ń jẹ nínú ìyà yìí, tiwọn tún le nígbà òtútù, nígbà tí aṣọ tí wọ́n fọ̀ bá ń gbẹ nínú pálọ̀ kan náà.

Nítorí náà n kì í fara mọ́ ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ohun tí ẹ kò bá lò fún ọdún kan, ẹ jù ú nù. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà kì í ṣe ẹrù lásán níbi tí omi kì í ti í yọ. Ẹnikẹ́ni kì í ju aṣọ òkè ìyá rẹ̀ nù nítorí pé kò ró o lọ́dún yìí. Ohun tí mo lè sọ láìbẹ̀rù ni ti ẹ̀bùn òde ìnáwó. Abọ́ tí orúkọ olóògbé wà lára rẹ̀, jọ́gì ìsọmọlórúkọ, tíréè ọjọ́ ìbí 60, ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan kò ní kọ nǹkan sí láéláé. Ojú ẹni tó fún wa ló wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rọrùn láti gbé wọn jáde. Ṣùgbọ́n bí abọ́ 30 bá wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù tí òwú yín sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀bùn àwọn ẹlòmíràn ti lé ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún yín kúrò nílé. Ẹ lo díẹ̀ nínú wọn fún ìlẹ̀kẹ̀, ẹ pín ìyókù.

Ó tún ní ohun tó burú ju ẹrù tí ojú ń rí. Mo ń pè é ní ìpalẹ̀mọ́ àlejò-ń-bọ̀. Wọ́n pe fóònù pé ìyá ọkọ ti dé gáréèjì. Ẹ gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì, ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, ìwé ilé-ìwé ọmọ, bọ́tìnì, sínú báàgì Ghana Must Go kan, ẹ tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilé mọ́. Àlejò yìn yín. Ó sì di oṣù mẹ́ta kí ẹ tó tú báàgì náà, nítorí ẹ mọ ohun tó ń dúró dè yín níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé tó mọ́ lójú àlejò fi lè jẹ́ ilé tí iṣẹ́ ọwọ́ ti kú. Ìgbà tó bá yá, ẹ óò tún ra ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ti ní, torí ẹ ò rí ti tẹ́lẹ̀, báàgì á tún wú sí i.

Báàgì yẹn ń ba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú. Aṣọ tó wà nínú ọ̀rinrin láìrí atẹ́gùn máa ń hu èébu. Èkúté fẹ́ràn àjákù aṣọ, ibẹ̀ ló máa ń bímọ sí. Abẹ́rẹ́ tó ṣubú sínú wúruwùru, ẹsẹ̀ ọmọ ló máa rí i. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré nílẹ̀ níbi tí ọmọ tó ń rákò wà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ẹnu ni yóò gbé e sí. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí èérún òwú àti aṣọ súnmọ́ sítóòfù tàbí àbẹ́là.

Kí wá ni ṣíṣe? N kò ní kẹ́ ẹ palẹ̀ gbogbo ilé mọ́. Ẹni tó bá ń dúró kí gbogbo ilé wà létò kó tó bẹ̀rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láé. Ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ gbà padà. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni tíréè fífẹ̀ kan tí mo tẹ́ táwẹ́lì sí. Táwẹ́lì kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ yí lọ. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ ni ohun gbogbo wà. Bí àlejò bá ń bọ̀, odindi tíréè ni mo ń gbé kúrò, pẹ̀lú pàǹtí iṣẹ́ rẹ̀, láìtú nǹkan kan. N kì í palẹ̀ iṣẹ́ tí n kò tíì parí mọ́. Mo ń gbé e ni. Ìyàtọ̀ yìí ló dá wákàtí mi padà fún mi.

Fún ẹni tó ń ránṣọ, ẹ ra pátákó pílíwúùdù kan. Odindi rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Ẹ ní kí káfíńtà là á sí méjì. Ẹ ti ìlàjì méjèèjì sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá fẹ́ gé aṣọ, ẹ tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀dì ti di tábìlì nìyẹn. Àlùmọ́gàjí, téèpù àti rúlà, ìṣó lára ògiri ni ibùgbé wọn, níbi tí ọwọ́ ọmọ ò tó. Ìlẹ̀kẹ̀ dára nínú ike tó mọ́ gaara, torí ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kì í lò ó. Ní ti àjákù aṣọ, èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, inú tìmùtìmù ló ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ ní àpò kan. Bí àpò bá kún, n kì í wá àpò kejì.

Mo tún fẹ́ bá àwọn ọkọ sọ ọ̀rọ̀ kan. Tíréè tí ìyàwó yín gbé sórí tábìlì pálọ̀ kì í ṣe pàǹtí. Páálí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ tọ́jú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí tíréè yẹn ì bá máa gbé, òun ni kẹ́ ẹ wò.

Báàgì Ghana Must Go tèmi gbà mí ní alẹ́ méjì. Mo tú u sórí bẹ́ẹ̀ṣíìtì funfun kí n lè rí abẹ́rẹ́. Àlùmọ́gàjí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tí mo ti rà rọ́pò ara wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ àbúrò mi parí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Èyí tí mo ń sín lọ́wọ́ báyìí wà nínú tíréè lókè kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ wà lára okùn rẹ̀, ó ku pupa mẹ́ta kí n kan funfun.